Walter Camp

Walter Chauncey Camp (7 oṣù Kẹrin, ọdún 1859 – 14 oṣù Kẹta, ọdún 1925) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá, òǹkọ̀wé àti oníṣòwò aago ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí baba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí ó yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ìfigagbága láàárín Yunifásítì Yale àti Yunifásítì Harvard, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1875. Nígbà tí sáà ọdún 2024 parí, ẹgbẹ́ méjèèjì ti pàdé ní ìgbà 140: Yale borí ní ìgbà 71, Harvard borí ní ìgbà 61, wọ́n sì ta ọ̀mì ní ìgbà 8. Bí a bá tú iye wọ̀nyí wò, a ó rí i pé àkókò tí Camp fi jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Yale ni Yale ti rí gbogbo àǹfààní tí ó fi ṣáájú Harvard títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀

Ìlú New Britain, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni wọ́n bí Camp sí. Leverett Camp ni orúkọ bàbá rẹ̀, Ellen Cornwell sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní Hopkins Grammar School ní ìlú New Haven kí ó tó wọ Yale ní ọdún 1876. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1880, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ New Haven Clock Company, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe aago, ó sì di ààrẹ rẹ̀ ní ọdún 1903. Iṣẹ́ aago yìí ni ó fi ń jẹun. Yale kò sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1888, ó gbé Alice Graham Sumner níyàwó. Alice jẹ́ ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú William Graham Sumner, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lókìkí ní Yale. Wọ́n bí ọmọ méjì, Walter àti Janet.

Àwọn òfin tí ó yí eré náà padà

Nígbà tí Yale àti Harvard kọ́kọ́ pàdé ní Hamilton Park, New Haven, ní ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ọdún 1875, wọn kò tíì ní òfin kan náà. Harvard ti kọ́ irú eré rọ́gíbì lọ́dọ̀ Yunifásítì McGill ti ilẹ̀ Kánádà. Ti Yale sì súnmọ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Òfin àdàlù ni wọ́n lò, Harvard sì borí pẹ̀lú 4–0. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Camp wọ Yale, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ẹ̀san pẹ̀lú 1–0. Ní gbogbo àkókò tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù fún Yale, láti 1876 sí 1882, Harvard kò borí wọn rárá.

Láti ìgbà tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni Camp ti ń lọ sí ìpàdé àwọn tí ó ń ṣe òfin eré náà. Ní ọdún 1880, ìpàdé náà gba àbá rẹ̀ pé kí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di mọ́kànlá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún gbà pé kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, dípò kí àwọn méjèèjì máa jà sí i bí wọ́n ti ń ṣe nínú rọ́gíbì. Òfin kejì yìí ni ó sọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà di eré ọ̀tọ̀.

Òfin náà ní àléébù kan tí Camp kò rò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1881, nígbà tí Yale pàdé Princeton, Princeton di bọ́ọ̀lù mú ní gbogbo ìlàjì àkọ́kọ́, Yale náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlàjì kejì. Kò sí ẹni tí ó jẹ ayò kankan, inú àwọn òǹwòran kò sì dùn. Ní ọdún 1882, Camp mú ojútùú wá: bí ẹgbẹ́ kan kò bá lè gbé bọ́ọ̀lù síwájú tó yáàdì 5 ní ìgbà mẹ́ta, bọ́ọ̀lù yóò di ti ẹgbẹ́ kejì. Kí wọ́n lè mọ ibi tí yáàdì 5 dé, wọ́n fa ìlà sí gbogbo pápá, tí ó fi dàbí irin tí a fi ń yan ẹran. Ní ọdún 1883 ni wọ́n wá fi iye àmì sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ lè gbà jẹ ayò.

Ohun tí iye àwọn ìdíje náà ń sọ

Sáà 150 ni ó wà láti 1875 sí 2024, ṣùgbọ́n ìdíje 140 ni Yale àti Harvard gbá, nítorí pé wọn kò pàdé ní ọdún 1877, 1885, 1888, 1895, 1896, 1917, 1918, 1943, 1944 àti 2020. Ní 1885, àwọn aláṣẹ Harvard ni ó fòfin de eré náà. Ogun àgbáyé méjèèjì ni ó fa mẹ́rin nínú àwọn àlàfo yòókù, àrùn kòrónà sì fa èyí tí ó kẹ́yìn. Ìjà ni ó fa ti 1895 àti 1896.

Ọdún 1908 ni ó yẹ kí a fi pín ìtàn náà sí méjì, nítorí pé ọdún yẹn ni Harvard gba Percy Haughton gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Láti 1875 sí 1907, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé ní ìgbà 28. Yale borí ní ìgbà 21, wọ́n ta ọ̀mì ní ìgbà 3, Harvard sì borí ní ìgbà 4 péré, ní ọdún 1875, 1890, 1898 àti 1901. Láti 1908 sí 2024, wọ́n pàdé ní ìgbà 112: Harvard borí ní ìgbà 57, Yale ní ìgbà 50, ọ̀mì sì jẹ́ 5. Ìyẹn ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Harvard ti ń borí ju Yale lọ, síbẹ̀ kò tíì lè san gbèsè tí ó jẹ láyé ìgbà Camp tán.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka àwọn èsì àtijọ́ wọ̀nyí ṣọ́ra. Èsì ọdún 1881 jẹ́ 0–0, ṣùgbọ́n inú àkọsílẹ̀ ìṣẹ́gun Yale ni ó wà, nítorí pé ìgbà mẹ́rin ni Harvard fi bọ́ọ̀lù balẹ̀ sẹ́yìn ìlà ara wọn láti gba ara wọn là, òfin ìgbà náà sì ka èyí sí wọn lọ́rùn. Bákan náà, 4–0 ni Harvard fi borí ní 1875, 4–0 náà ni ó fi borí ní 1908. Ní ti àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní ti èkejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nítorí pé àmì 4 ni ìgbáwọlé kan jẹ́ nígbà yẹn. Camp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni ó ń yí òṣùwọ̀n padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà kì í ṣe ohun kan náà ni àwọn iye náà ń wọ̀n.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Láti ọdún 1888 sí 1892 ni Camp jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Yale. Nínú sáà márùn-ún yẹn, Yale borí ní ìgbà 67, ó sì pàdánù ní ìgbà 2 péré. Ní 1888, wọ́n gbá ìdíje 13, wọ́n kó àmì 698 jọ, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó rí àmì kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àmì gbà ní 1891 àti 1892 pẹ̀lú. Ìpàdánù àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ Princeton ní 1889; èkejì ni ti Harvard, 12–6, ní 1890. Ní ti Harvard nìkan, Camp borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ìgbà mẹ́rin tí wọ́n pàdé lábẹ́ rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ yìí kò ka Alice, ìyàwó rẹ̀, mọ́ ọn. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ aago kò jẹ́ kí Camp ráyè lọ sí pápá ní ọ̀sán, Alice ni ó ń lọ wo ìgbáradì, tí ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, tí ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ní alẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù á wá sí ilé wọn láti gba ìtọ́ni. Bí a bá sọ pé ènìyàn méjì ni ó kọ́ ẹgbẹ́ náà, a kò ṣì sọ.

Camp tún kọ́ ẹgbẹ́ Yunifásítì Stanford ní ọdún 1892, 1894 àti 1895.

Ẹgbẹ́ Gbogbo-Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1889, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá tí ó dára jù lọ ní sáà náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Camp àti akọ̀ròyìn Caspar Whitney ni a ń dárúkọ mọ́ ìdáwọ́lé yìí. Ọmọ Princeton márùn-ún, ọmọ Yale mẹ́ta àti ọmọ Harvard mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Lára àwọn tí wọ́n yàn ní 1892 àti 1893 ni William Henry Lewis ti Harvard, tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ ẹgbẹ́ náà. Ó di agbẹjọ́rò ńlá lẹ́yìn náà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ipò gíga nínú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ìpalára, ìwé ìbéèrè àti ikú lórí pápá

Ní ọdún 1888, ìgbìmọ̀ òfin gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa di ẹlòmíràn mú ní ìsàlẹ̀ ìbàdí. Àwọn ẹgbẹ́ wá ń kóra jọ pọ̀ láti fi ìwọ́ ènìyàn ya ọ̀nà fún ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù. Ní 1892, Harvard gbé ọgbọ́n kan jáde sí Yale: àwọn agbábọ́ọ̀lù pín sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n sáré láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì pàdé bí ẹnu àáké kí wọ́n tó kọlu ẹnì kan ṣoṣo. Yale borí pẹ̀lú 6–0, ṣùgbọ́n gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọgbọ́n náà. Ní 1894, nígbà tí Yale borí Harvard pẹ̀lú 12–4 ní Springfield, àwọn agbábọ́ọ̀lù mélòó kan farapa gidigidi, ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì sì já okùn bọ́ọ̀lù tí ó wà láàárín wọn fún ọdún méjì.

Ní àkókò kan náà, Camp fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù rí, láti mọ̀ bóyá eré náà ṣe wọ́n léṣe tàbí ó ṣe wọ́n láǹfààní. Ìwé Football Facts and Figures, tí ó jáde ní 1894, ni ó kó èsì náà sí, ó sì dá eré náà láre. Àwọn òpìtàn tí wọ́n yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò ní Yale sọ pé ó fi díẹ̀ nínú àwọn èsì tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà sílẹ̀. Ibí yìí ni àríwísí tí ó wúwo jù lọ lórí Camp wà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọ̀dọ́ ni, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ òǹkà tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè ṣàì mọ ohun tí ó ń yọ kúrò.

Ní ọdún 1905, ìwé ìròyìn Chicago Tribune ka ikú 18 lórí pápá. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, Ààrẹ Theodore Roosevelt, tí òun fúnra rẹ̀ jáde ní Harvard, pe àwọn aṣojú Yale, Harvard àti Princeton sí ilé ìjọba. Camp wà lára wọn. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ọmọ Roosevelt, tí ó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní Harvard, fọ́ imú nínú ìdíje pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale. Camp fẹ́ kí yáàdì 5 di 10, wọ́n sì gbà á ní 1906. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àbá pé kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí àbá yìí borí èyí tí ó ní kí a fẹ pápá sí i ni pé kọnkéré ni Harvard fi kọ́ pápá ìṣeré rẹ̀ ní 1903, kò sì ṣeé fẹ̀.

Ìgbà tí agbára yí padà

Lábẹ́ Camp, balógun ẹgbẹ́ àti àwọn tí ó ti jáde ní Yale ni ó ń kọ́ ẹgbẹ́ náà, òun sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Haughton ní Harvard ń gba owó, òun nìkan sì ni ó ń pàṣẹ. Láti 1912 sí 1915, Harvard borí Yale léra léra: 20–0, 15–5, 36–0 àti 41–0. Ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú wọn ni Yale fi ṣí Yale Bowl, pápá ńlá tuntun rẹ̀, ní 1914. Ní àkókò yìí, ọ̀rọ̀ Camp kò fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ mọ́ ní Yale.

Ọdún ìkẹyìn àti ikú rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi Camp ṣe olórí ètò eré ìdárayá fún àwọn ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ètò ìnara méjìlá kan tí àwọn ará ìlú náà tẹ́wọ́ gbà. Ó kú sójú oorun ní ilé ìtura kan ní ìlú New York nígbà tí ó lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ òfin bọ́ọ̀lù, ní ọmọ ọdún 65. Ibi ìsìnkú Grove Street ní New Haven ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Yale àti Harvard ta ọ̀mì, 0–0. Ní 1928, wọ́n ṣí ẹnu-ọ̀nà ìrántí kan fún un níwájú Yale Bowl, èyí tí owó rẹ̀ ti ọwọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Amẹ́ríkà wá. Ní 1951, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Ọlá Bọ́ọ̀lù Yunifásítì.