Frantz Fanon, Akọ̀wé Ogun Tí Ó Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Pamọ́
Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ní erékùṣù Martinique ni a bí Frantz Fanon ní 1925, ṣùgbọ́n ní Algeria ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní 1953. Nígbà tí ogun òmìnira gbóná, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Faransé sì lé e jáde ní 1957. Ní Tunis, ó ń kọ̀wé láìfi orúkọ sí i nínú El Moudjahid, ìwé ìròyìn àwọn ajàjàgbara, kí ayé lè mọ ohun tí Faransé ń bò mọ́lẹ̀. Ní 1960, ó di aṣojú wọn ní Accra. Ó sì gba Mali lọ ní bòókẹ́lẹ́ láti wá ọ̀nà tí ohun ìjà yóò gbà la aṣálẹ̀ kọjá. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa á ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1961, oṣù méje ṣáájú òmìnira. Gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́, ilẹ̀ Algeria ni wọ́n sin ín sí.