Zaynab Ọmọ Ànábì àti Ẹ̀gbà Ọrùn Ìyá Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ìtàn Zaynab, àkọ́bí àwọn ọmọbìnrin Ànábì wa, ni a fẹ́ sọ lónìí, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ogun Badr dáadáa: a mọ iye àwọn tó jà, a mọ iye àwọn tó kú. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ní ọjọ́ náà, bàbá Zaynab ni ó ṣáájú ọmọ ogun kan, ọkọ rẹ̀ sì wà nínú èkejì.

Kí iṣẹ́ Òjíṣẹ́ tó dé rárá ni Zaynab ti wà nílé Abul-Aas ọmọ Rabi. Hala ìyá ọkọ àti Khadijah ìyá ìyàwó, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Nílẹ̀ wa níbí, èèwọ̀ ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn Lárúbáwá kò sí àbùkù níbẹ̀, Islam kò sì kọ̀ ọ́. Oníṣòwò ni Abul-Aas, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà fi ọkàn tán tí wọ́n ń kó dúkìá wọn lé lọ́wọ́. Khadijah fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí ó bí. Nígbà tí Zaynab ń lọ sílé ọkọ, Khadijah fi ẹ̀gbà ọrùn tirẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Nígbà tí ìmísí dé, Zaynab gba ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, Abul-Aas kò gbà á. Àwọn Quraysh rò pé àwọn lè fi ọ̀rọ̀ ìyàwó dá Ànábì lágara. Wọ́n lọ bá àwọn àna rẹ̀ pé kí wọ́n kọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ Abu Lahab kọ Ruqayyah àti Umm Kulthum. Wọ́n ṣèlérí fún Abul-Aas pé obìnrin Quraysh tí ó bá wù ú ni àwọn yóò fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ó fèsì pé òun kò ní kọ Zaynab, òun kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. A kò pe àìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ohun rere. Síbẹ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ yìn ín gẹ́gẹ́ bí àna, ẹnu wa kò sì lè gba ìyìn náà padà.

Ní ọdún 622, Ànábì ṣe Híjírà lọ sí Mẹ̀dínà. Khadijah ti kú ṣáájú. Zaynab wà ní Mẹ́kà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún kejì Híjírà, ní ọjọ́ 17 oṣù Ramadan, ogun Badr ṣẹlẹ̀, Abul-Aas sì bá àwọn Quraysh jáde. Nǹkan bí 70 nínú wọn kú, wọ́n mú nǹkan bí 70 lóǹdè. Abul-Aas wà nínú àwọn òǹdè.

Ẹ ro ipò obìnrin yìí wò. Bí ìròyìn bá dé pé bàbá rẹ̀ ṣẹ́gun, ta ni yóò bá a yọ̀ nínú ilé náà? Àwọn ará Mẹ́kà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìràpadà ránṣẹ́ nítorí àwọn ènìyàn wọn. Zaynab náà kó ohun tí ó ní jọ, ó sì fi ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n tú ẹrù náà níwájú Ànábì, ó dá ẹ̀gbà Khadijah mọ̀, àánú ọmọ rẹ̀ sì mú un gidigidi. Òun ni aṣáájú. Ó lè pàṣẹ. Kò pàṣẹ, nítorí pé ẹ̀tọ́ àwọn tó jagun wà nínú ìràpadà. Ó bi àwọn sàábé léèrè bóyá wọn yóò fẹ́ tú òǹdè Zaynab sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sì dá dúkìá rẹ̀ padà. Wọ́n gbà. Wọ́n dá Abul-Aas sílẹ̀ lórí àdéhùn kan: yóò fi Zaynab ránṣẹ́ sí Mẹ̀dínà.

Abul-Aas mú àdéhùn náà ṣẹ. Kinana àbúrò rẹ̀ ni ó mú Zaynab jáde ní ọ̀sán gangan, lórí ràkúnmí, pẹ̀lú ọrun àti apó ọfà rẹ̀. Àwọn Quraysh lé wọn bá. Habbar ọmọ al-Aswad na ọ̀kọ̀ sí Zaynab, ẹni tó lóyún, oyún náà sì bàjẹ́. Kinana kúnlẹ̀, ó da àwọn ọfà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì búra pé ẹni tó bá sún mọ́ òun yóò jẹ ọfà. Abu Sufyan ló pẹ̀tù sí i, pé kí wọ́n padà, kí ó tó mú un jáde lóru, nítorí ìtìjú Badr ṣì ń ta wọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Zayd ọmọ Haritha ti ń dúró dè é lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọkọ wà ní Mẹ́kà, ìyàwó wà ní Mẹ̀dínà, Zaynab kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, bí Abul-Aas ṣe ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ṣáàmù pẹ̀lú ọjà àwọn ará Mẹ́kà, àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí gba ẹrù náà. Ó sá àsálà. Lóru, ó wọ Mẹ̀dínà, ó sì lọ sọ́dọ̀ Zaynab láti tọrọ ààbò.

Ní ìrun Àsùbáà, lẹ́yìn tí Ànábì ti kábárà, Zaynab gbé ohùn sókè láti sàfù àwọn obìnrin pé òun ti fún Abul-Aas ní ààbò. Nígbà tí Ànábì sálámà, ó bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí òun gbọ́, ó sì búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ó fìdí ààbò ọmọ rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ó wọlé tọ Zaynab, ó ní kí ó tọ́jú àlejò rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sún mọ́ òun, nítorí pé kò tọ́ sí i mọ́. Ìdájọ́ yìí wà nínú Súrà Mumtahinah, ìyẹn 60:10. Kò yí i padà nítorí pé ọmọ òun ni.

Ànábì bẹ àwọn tó gba ẹrù náà, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí Abul-Aas gba Islam, kí ó sì kó ọjà náà fún ara rẹ̀. Ó kọ̀, kò fẹ́ fi ìwà ọ̀dàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn. Ó padà sí Mẹ́kà, ó fún olúkúlùkù ní ohun ìní rẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ó ku ẹnì kan tí òun jẹ ní gbèsè. Nígbà tí wọ́n ní kò sí, ó jẹ́rìí sí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ níwájú wọn, ó sì gba ọ̀nà Mẹ̀dínà. Ànábì dá Zaynab padà fún un. Lórí yìgì tuntun ni àbí lórí ti àkọ́kọ́, àwọn onímímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọdún kẹjọ Híjírà ni Zaynab kú. Ànábì pàṣẹ fún àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi omi àti ewé sidr wẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ aṣọ tí ó ró mọ́ ìdí fún wọn láti fi ṣe èyí tó kan ara rẹ̀ jù. Ọdún kejìlá Híjírà ni Abul-Aas náà kú. Umamah ọmọ wọn ni ọmọdé tí àwọn sàábé rí ní èjìká Ànábì lórí ìrun: bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀ yóò gbé e sílẹ̀, bí ó bá dìde yóò tún gbé e.