Ìsinmi Àjàyí Crowther

Ní ọdún 1821 ni ogun fọ́ ìlú Òṣóògùn, tí a sì kó Àjàyí ọmọdékùnrin lẹ́rú pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀. A yà wọ́n nípá. A ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ikú fi wù ú ju ìyè lọ. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ gbé rí ìsinmi nínú Kristi. A ṣe ìsàmì fún un ní 1825, ó sì gba orúkọ Samuẹli.

Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọjọ́ kan tayọ méjèèjì. Ní ọjọ́ 21 oṣù August 1846, ìyá rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá ní Abẹ́òkúta. Wọ́n wo ara wọn títí, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé nìkan ni. Ní 1848 ìyá náà wà nínú àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìsàmì fún ní ìlú náà. Nítorí pé òun ni ìyá Samuẹli, Hánà ni a sọ ọ́.