Giulio Bizzozero: Ẹni Tí Ó Rí Ohun Tí Ń Dí Ojú Ọgbẹ́

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1846 ni a bí Giulio Bizzozero ní ìlú Varese, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì. Ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà tí ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Pavia. Camillo Golgi, ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1906, wà lára àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Turin. Ní ayé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti ń rí ohun tín-ín-tìn-ín kan tí ó rí pẹlẹbẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èérún lásán ni ọ̀pọ̀ wọn kà á sí. Bizzozero kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ó ṣì wà láàyè lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Níbi tí iṣan bá ti fara gbọgbẹ́, ó rí i pé àwọn pẹlẹbẹ wọ̀nyí a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọn a sì lẹ̀ mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi dí i. Ní ọdún 1882 ni ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní kíkún.

Ohun tí wọ́n fi ń di ara wọn mú kò hàn nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún 1918, Eduard Glanzmann, dókítà àwọn ọmọdé ní Switzerland, ṣàpèjúwe àrùn àjogúnbá kan: iye pẹlẹbẹ inú ẹ̀jẹ̀ pé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í tètè dá. Lónìí a ti mọ ìdí rẹ̀. Ohun ìdìmú ara pẹlẹbẹ ní abala méjì, alfa àti bẹ́tà. Inú sẹ́ẹ̀lì tí ń bí pẹlẹbẹ, nínú mùdùnmúdùn eegun, ni wọ́n ti ń so pọ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè dá jáde. Ńṣe ni yóò bàjẹ́ sínú ilé. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí wọ́n tilẹ̀ jáde, wọn a ká kò títí ọgbẹ́ yóò fi ṣẹlẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò nà tàntàn, tí wọn yóò sì di fáíbrínójìn inú ẹ̀jẹ̀ mú. Bí pẹlẹbẹ kan ti di ìdí kan rẹ̀ mú, òmíràn yóò di ìdí kejì, wọn a sì so kọ́ra.

Àrùn ojú ni ó gba awò lọ́wọ́ Bizzozero nígbẹ̀yìn. Kò tìtorí èyí káwọ́ gbera. Ọ̀ràn ìlera gbogbo ìlú ni ó gbájú mọ́, wọ́n sì fi í ṣe sẹ́nétọ̀ ní ọdún 1890. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1901 ni ó kú ní Turin, ní ẹni ọdún 55. Ojú rẹ̀ ti wọ̀ọ̀kùn kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú náà rí kò parẹ́ títí di òní.