Röntgen: Ọkùnrin tó fún ayé ní rádíò àyẹ̀wò, tí jẹjẹrẹ ìfun sì pa

Bí ọmọ bá já bọ́ láti orí igi, tàbí tí zémidjan bá gbé ènìyàn ṣubú, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ní ilé ìwòsàn ni pé kí wọ́n lọ ya rádíò. Gbogbo wa la mọ rádíò yìí: fọ́tò dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí dókítà máa ń gbé sójú iná kí egungun lè hàn. Ẹni tó kọ́kọ́ ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ayé ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ ikú tó pa á pẹ̀lú, nítorí àrùn náà ń bẹ láàárín wa.

Wilhelm Conrad Röntgen ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1845 ní Lennep, ìlú kékeré kan ní Jámánì. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí Apeldoorn, ní orílẹ̀-èdè Họ́láńdì, níbi tí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ wà.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Utrecht ni wàhálà ti bá a. Ẹnìkan ya àwòrán tó fi olùkọ́ wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní Röntgen ni. Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti dárúkọ ẹni tó yà á. Wọ́n lé e. Bí kò ṣe ní ìwé ẹ̀rí mọ́ nìyẹn. Ní Zurich, ní orílẹ̀-èdè Súwísì, wọ́n gbà pé kó ṣe ìdánwò kó sì wọlé, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1869. Síbẹ̀, nígbà tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Würzburg, yunifásítì ìlú náà kò fún un ní iṣẹ́ olùkọ́, nítorí ìwé ẹ̀rí ọjọ́sí tí kò ní. Ní ọdún 1888 ni ó padà sí Würzburg yìí kan náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tó sì di ọdún 1894, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní Zurich ni ó ti pàdé Anna Bertha, ọmọ ọkùnrin kan tó ní ilé ọtí. Ọdún mẹ́fà ni obìnrin náà fi jù ú lọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1872. Wọn kò bímọ, wọ́n wá gba ọmọbìnrin àbúrò Bertha kan tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà bí ọmọ tiwọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Röntgen wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Würzburg, ó ń fi iná mànàmáná gba inú ìgò kan tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Ó fi páálí dúdú bo ìgò náà pátápátá, ó sì pa iná yàrá. Síbẹ̀, páálí kékeré kan tí wọ́n fi èròjà tó lè tàn kùn, tó wà lọ́tọ̀, ń tàn nínú òkùnkùn. Ó pa iná ìgò, páálí ṣókùnkùn. Ó tún un tàn, páálí tún tàn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ló fi wà lẹ́nu rẹ̀ láìsọ fún aráyé. Inú yàrá iṣẹ́ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń sùn. Ó gbé ìwé nípọn dí ìtànṣán náà, ó kọjá. Ó gbé igi dí i, ó kọjá. Òjé ló dá a dúró. Nígbà tó na ọwọ́ sí i, egungun ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó pe aya rẹ̀ wá, ó ní kó gbé ọwọ́ lé àwo fọ́tò. Egungun ìka jáde lójú fọ́tò, pẹ̀lú òrùka ìgbéyàwó lára ọ̀kan. A gbọ́ pé ẹ̀rù ba obìnrin náà, bí ẹni tó rí ikú ara rẹ̀.

Nítorí pé Röntgen kò mọ ohun tí ìtànṣán náà jẹ́, ó sọ ọ́ ní X, lẹ́tà tí àwọn oníṣirò fi ń pe ohun tí a kò tíì mọ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Vienna ló gbé e jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1896, kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé gbọ́. (Àwa oníròyìn jẹ gbèsè díẹ̀ níbẹ̀: wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.) Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn dókítà ti ń fi ìtànṣán náà wá ọta ìbọn nínú ara àti ibi tí egungun ti dá.

Röntgen kọ̀ láti gba ìwé ẹ̀tọ́ tí ì bá mú kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ẹ̀rọ náà máa san owó fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọjà tí gbogbo ayé ń wá, olówó rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbà pé ti gbogbo ènìyàn ni. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1901, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lórí ìmọ̀ físíìsì, yunifásítì Würzburg ló sì fi owó rẹ̀ fún. Ní tiwa, ibi yìí ló wú wa lórí jù nínú ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtànṣán náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Egungun le, ó máa ń dá a dúró, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun nínú fọ́tò. Ẹran rírọ̀ ni ìfun, ìtànṣán á gba ara rẹ̀ kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́ kọjá. Kókó lè hù síbẹ̀ kí rádíò lásán má rí i. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni àwọn dókítà ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lo báríọ́ọ̀mù, ẹ̀tù funfun kan tó wúwo tí wọ́n ń pò mọ́ omi bí ẹ̀kọ mímu. Aláìsàn á mu ún, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà gbà á sínú rẹ̀ láti ìdí. Báríọ́ọ̀mù máa ń dá ìtànṣán dúró, ìfun á wá hàn. Ibi tí jẹjẹrẹ bá wà á dà bí ibi tí eku ti gé jẹ. Àmọ́ bí ẹ̀tù náà bá kún inú ìfun, ó lè bo kókó kékeré mọ́lẹ̀.

Bertha ṣàìsàn pẹ́, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora. Ó kú ní ọdún 1919. Ogun àgbáyé ti parí nígbà náà, owó Jámánì ń já wálẹ̀, ohun tí bàbá náà ti fi pamọ́ kò sì lè ra nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1923, jẹjẹrẹ ìfun pa á ní Munich, ní ẹni ọdún 77. Àwọn kan rò pé ìtànṣán ló kó o bá a. Àwọn onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: àkókò tó fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò pẹ́, ó sì máa ń fi òjé dí i. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn dán ẹ̀rọ wò lójoojúmọ́ láìbò ó ni ìtànṣán jó, tí àwọn mìíràn pàdánù ìka àti ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí àrùn tó pa á. Nígbà púpọ̀, ara ìwú kékeré kan nínú ìfun ńlá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwú tí kì í dun ènìyàn, tó sì lè gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ lè máa bá ìgbẹ́ jáde, bí ènìyàn ṣe ń yàgbẹ́ lè yí padà, kó máa rù, kó máa rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí la ó pè é, àgbo la ó sì wá lọ. Lóòótọ́ jẹ̀díjẹ̀dí lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lásán kò lè sọ èwo ni nínú méjèèjì, dókítà pàápàá kò lè wò ó lójú kó mọ̀. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì tètè rí tirẹ̀, wọ́n lè gé e kúrò kí ẹni náà sì yè.

Ní ọdún 1923 tí Röntgen kú yìí gan-an ni dókítà ará Jámánì kan, Fischer, kọ nípa ọgbọ́n tuntun: kí wọ́n jẹ́ kí báríọ́ọ̀mù kun ara ìfun, kí wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó wú. Báyìí ni kókó kéékèèké ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní ọdún 1971, Godfrey Hounsfield, ará Gẹ̀ẹ́sì, so ìtànṣán náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ scanner sì jáde. Lónìí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni wọ́n sábà fi ń wo inú ìfun, scanner ló sì ń sọ bóyá àrùn ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Irú ìtànṣán yìí kan náà, tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti àyẹ̀wò lọ, ni wọ́n ń lò láti sun jẹjẹrẹ tó bá wà nítòsí ihò ìdí kó lè súnkì ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Ìlú Giessen ni wọ́n sin Röntgen sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀. Ó ti sọ pé kí wọ́n jó àwọn lẹ́tà òun, wọ́n sì jó wọn. Ní Jámánì títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àyẹ̀wò náà. Ní tiwa, rádíò ni.