Fẹlá Ṣówándé

Olúfẹlá Ọbafúnmiláyọ̀ Ṣówándé (29 oṣù Karùn-ún, 1905 – 13 oṣù Kẹta, 1987) jẹ́ atẹdùùrù àti olùpilẹ̀ orin ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ní Èkó, ó kàwé ní CMS Grammar School àti King's College, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ní Kàtídírà tó wà ní Marina.

Ní 1934, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n orin ló gbà á lọ́kàn jù. Ní 1936, òun ló tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ George Gershwin ti 1924. Iṣẹ́ náà le púpọ̀. Ẹgbẹ́ olórin a máa dákẹ́, píánò yóò sì dá nìkan dún fún ìgbà pípẹ́. Ìka ní láti yára tẹ ohùn kan náà léraléra. Ẹni tí ó bá tẹ ohun tó wà nínú ìwé lásán yóò pàdánù adùn jásì inú rẹ̀. Ẹni tí ó sì mọ jásì nìkan, ìka rẹ̀ kò ní lè tó o. Ṣówándé ní méjèèjì: ẹ̀kọ́ Kàtídírà, àti jásì tí ó ti ń lù ní Èkó.

Ní 1943, ó di Fellow ti Royal College of Organists. Ní 1944, ó pilẹ̀ African Suite. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó kú sí, ní ìlú Ravenna, Ohio.