Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwolé

Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwolé ni Dókítà yìí. Ọdún 1892 ni a bí i. Ó gba oyè oníṣègùn ní Glasgow ní ọdún 1918, ó sì padà sí ilẹ̀ wa. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá ìlera ìlú Èkó.

Ní ọdún 1924 àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó, kò sì kúrò títí di ọdún 1930. Kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé e ran ènìyàn. Kò sí oògùn tí ó ká a nígbà náà. Àfi kí a pa eku, kí a sì tún ilé ṣe. Iṣẹ́ wolé-wolé nìyẹn, orúkọ Dókítà sì bá iṣẹ́ náà mu! Ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ́tótó tí ó dá sílẹ̀ ní Yábà, àwọn ènìyàn wá láti ìhà gbogbo Nàìjíríà láti kọ́ ọ.

A kò ní purọ́: ará ìlú kò fẹ́ràn wolé-wolé. Ta ni yóò fi ayọ̀ gba ẹni tí ń yọjú wo ìkòkò omi rẹ̀, tí ó sì lè pè é lẹ́jọ́? Ó sàn jù kí òṣìṣẹ́ ìlera tí ń wọ agboolé máa fi ẹ̀kọ́ ṣáájú.

Ẹ̀yin olùkọ́, Dókítà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó ní ọdún 1925. Ó kú ní ọdún 1953.